Orúkọ Tí Ìyàwó Kékeré Sọ Ọ̀gágun Wa

Nínú gbogbo ipò ọlá tí Ọlọ́run fi jíǹkí ọmọ ènìyàn, n kò tíì rí èyí tí ó ga tó ti ẹni tí ó lè na ìka sí ènìyàn ńlá kan kí ó sì wí pé, “Mo pọ̀n ọ́n rí.” Ọba ní adé, ìjòyè ní ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ní fìlà onígun mẹ́rin. Ẹni tí ó pọ̀n ènìyàn ńlá rí kò nílò ju ẹ̀yìn lọ, Ọlọ́run sì ti fún kálukú wa ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ipò náà kò ní ìdánwò àbáwọlé, kò ní ìfẹ̀yìntì, ìjọba tuntun kò sì lè yọ ènìyàn kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tí a pọ̀n gan-an kò lè jiyàn, nítorí ẹ̀yìn ni ó wà, kò rí ojú ẹni tí ó gbé e.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí àwọn olóyè yìí tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, nítorí abúlé wa kún fún wọn.

Ẹ̀yìn Ẹrúnmu ni abúlé wa wà, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti parí tí ti ẹlẹ́rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé pé ọ̀gágun wa, ọmọ agbo ilé wa gan-an, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tí ó sì ń bọ̀ wálé kí a yẹ́ ẹ sí, ẹ̀yìn wá pọ̀ nílẹ̀ ju ẹ̀pà lọ. Ìyá tí ó ní ẹ̀rọ ìlọta ní òun pọ̀n ọ́n. Bàbá tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ọkùnrin onírùngbọ̀n, ní òun náà pọ̀n ọ́n, pé òjò ló ń bọ̀ lọ́jọ́ náà tí ìyá ọmọ sì ń sáré kó ẹ̀gẹ́ nílẹ̀. Obìnrin kan tilẹ̀ wá láti abúlé kejì láti wá jẹ́rìí sí ẹ̀yìn tirẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa.

“Màmá,” ni mo wí, “ṣé ọ̀gágun kò jù yín lọ?”

“Ó jù mí lọ,” ni ó dáhùn. “Àmọ́ mo tètè lágbára.”

Mo jókòó, mo rò ó síwájú, mo rò ó sẹ́yìn. Bí gbogbo ẹ̀yìn wọ̀nyí bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ọmọkùnrin náà kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí títí ó fi lọ wọ bàtà ṣọ́jà.

Èmi kò sí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ọdún tí wọ́n bí mi, ọ̀gágun ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ ológun ní ilẹ̀ Haúsá. Ọmọ bàbá kan náà ni bàbá rẹ̀ àti bàbá mi, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ni, ṣùgbọ́n fọ́tò ara ògiri ni mo fi mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n lójú. Èmi lọ sí yunifásítì ní tèmi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú gírámà, iṣẹ́ tí mo sì ń fi jẹun nígboro Ìbàdàn títí di òní nìyẹn. Ìdí rèé tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ fi ní kí n kọ ìwé oríyìn tí a ó kà sí ọ̀gágun létí. Wọ́n ní ẹni tó mọ èébú kọ kò lè ṣàì mọ ìyìn kọ.

Alága ìgbìmọ̀ náà jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin dáadáa ni, àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pùrótókọ́ọ̀lù, ìlànà bí a ṣe ń ṣe nǹkan níwájú ènìyàn ńlá. Ní gbogbo ìpàdé, kó tó jókòó, á ti pe ọ̀rọ̀ náà. Tó bá jókòó tán, á tún un pè kí àga lè gbọ́.

Ìwé oríyìn náà kò ṣòro kọ, nítorí iṣẹ́ ọkùnrin náà wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá lójú. Ìsàlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gun àkàbà iṣẹ́ ológun ní ẹsẹẹsẹ, kò fo ìpele kankan. Ó jagun nílé, wọ́n sì rán an lọ sí òkèèrè láti dúró láàrin àwọn tí wọ́n ń bá ara wọn jà. Àmì ẹ̀yẹ tó wà láyà rẹ̀ pọ̀ débi pé tó bá ń rìn nínú aṣọ iṣẹ́, ó máa ń dún bí ọmọ tí a so ṣaworo mọ́ lẹ́sẹ̀. Gbogbo èyí ni mo kọ. Nǹkan méjì tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni Alága fagi lé.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ààlà. Ìgbà kan wà tí àwa àti abúlé kejì ń jà lórí ilẹ̀ oko. Àwọn àgbà wa pe ọ̀gágun lórí fóònù pé kí ó fi ṣọ́jà ránṣẹ́, ọkọ̀ kan péré, kí wọ́n má lu ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kàn wá dúró kí ara tu àwa. Ó ní òun ń bọ̀. Inú wa dùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń kọrin òwe sí àwọn aládùúgbò wa lójú ọ̀nà odò. Nígbà tí ó dé, òun nìkan ló bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó mú obì dání. Kò tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ wa. Ilé baálẹ̀ abúlé kejì ló gbà lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, kí oòrùn ọjọ́ náà sì tó wọ̀, wọ́n ti jọ gbin pèrègún tuntun sórí ààlà. Abúlé wa bínú sí i títí Iléyá fi dé tó sì tún kọjá. Kí ni a ń fi ọ̀gágun ṣe bí kò bá lè dẹ́rù ba aládùúgbò ẹni?

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan ní Lágelú. Ọmọ ibẹ̀ kan wà lábẹ́ ọ̀gágun lójú ogun, ogun sì gbé e lọ. Ọ̀gágun wá sílé wọn fúnra rẹ̀. Adégbayì nígboro ni mo ti lọ pàdé rẹ̀, èmi ni mo sì wà á débẹ̀ nínú ọkọ̀ mi tó ń wúkọ́, nítorí kò fẹ́ kí ìyá ọmọ náà tún rí ọkọ̀ ológun lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo ń retí kí ó sọ̀rọ̀ nípa orílẹ̀-èdè àti àwọn akọni, kí n lè rí nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sọ ọ́. Ó kàn ní kí ìyá náà sọ irú ọmọ tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ fún òun. Ìyá náà sọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà ń jí ẹ̀pà sísè jẹ, títí a fi kírun Aláásárì níbẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ní kí n dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró nídìí igi kaṣú kan, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Èmi náà ń wo fóònù mi bí ẹni pé nǹkan wà nínú rẹ̀.

Alága fi bírò pupa fa ìlà gba orí ìtàn méjèèjì kọjá. Ó ní ti àkọ́kọ́ kò fi agbára hàn, ti èkejì kò fi ayọ̀ hàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dá wàhálà sílẹ̀ gan-an kò sí nínú ìwé. Ẹnu ìyá kan ni ó wà.

Ìyàwó àbúrò àwọn bàbá wa ni ìyá náà. Ọjọ́ tí ó wọlé ọkọ, òun ni ó kẹ́yìn nínú àwọn ìyàwó agbo ilé, wọ́n bá ń pè é ní Ìyàwó Kékeré. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi bímọ, títí irun rẹ̀ fi funfun, títí eyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀. Àwọn ìyàwó àgbà kú tán, kò ku ẹni tí ó kéré sí mọ́, Ìyàwó Kékeré náà ni. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ pàápàá, nígbà tí orúkọ yẹn kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn, kò sí ẹni tí ó bá wọn wí.

Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, kò gbọ́dọ̀ pe ọmọ tí ó bá nílé ọkọ ní orúkọ. Ọkọ rẹ̀ ni ọmọ náà, ì báà ṣì máa tọ̀ sára. Ó ní láti fún un ní orúkọ tirẹ̀. Àwọn ìyàwó mìíràn a máa sọ ọkọ wọn ní Akọ́wé, tàbí Ìdílẹ̀kẹ̀, tàbí Adúmáadán. Ọmọkùnrin tí Ìyàwó Kékeré bá nílé kò tíì kàwé, kò sì dúdú. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni eré sísá. Bàbá wa àgbà ń sin akọ tòlótòló kan nígbà náà, ẹyẹ náà sì ti mọ ọmọ yìí lójú. Bí ó bá ti rí i, á fẹ ìrù, á wọ́ ìyẹ́ nílẹ̀, á han lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gágun ọ̀la á sì ti di inú yàrá. Àwọn ọmọ yòókù kọjá, tòlótòló kò wò wọ́n. Kí ìyàwó tuntun tó mọ ọ̀nà odò, ó ti sọ ọkọ rẹ̀ yìí ní Asáfúntòlótòló.

Orúkọ náà bá a dàgbà. Bí ó bá wálé láti ilé ẹ̀kọ́ ológun, pẹ̀lú orí gígẹ̀ àti bàtà tó ń dán bí dígí, kì í wọlé tààrà. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí di ìgbà tí ohùn bá ti ẹ̀yìnkùlé wá.

“Asáfúntòlótòló, ṣé ẹ ti dé?”

“Mo ti dé, ìyàwó mi. Ṣé ó wà nílé?”

“Ó ti jáde lọ. Ẹ wọlé.”

Ìgbà náà ni yóò gbé ẹsẹ̀ kọjá àtẹ́rígbà. A ti pa tòlótòló náà jẹ tipẹ́tipẹ́, lọ́dún Iléyá kan tí kò sí ẹni tó rántí mọ́. Bí ó ti ń gba oyè kan kún òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń béèrè bóyá ẹyẹ náà wà nílé. Mo ti fi ojú mi rí i ní ìgbà tí ó ti di ọ̀gágun, tí awakọ̀ rẹ̀ ń wò ó láti inú ọkọ̀ tí kò mọ ohun tí ọ̀gá ń dúró dè.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Alága gbé wá sí ìpàdé, nínú kíláàsì kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, tí gbogbo wa ká orúnkún sí abẹ́ tábìlì àwọn ọmọdé.

“Ẹ̀yin ará,” ni ó wí, “ẹ jẹ́ kí a gba ara wa lọ́wọ́ ìtìjú. Àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀. Àwọn ènìyàn ìjọba ń bọ̀. Ibo ni pùrótókọ́ọ̀lù wà bí ìyá yẹn bá wá dìde níwájú wọn tó pe ẹni tó kó ọmọ ogun lẹ́yìn ní Asáfún... mi ò ní parí ẹ̀.”

“Ẹ parí ẹ̀, Alága,” ni bàbá oníkẹ̀kẹ́ wí. “Ẹ má ṣe dá ọ̀rọ̀ sí méjì.”

“Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, mi ò bá yín ṣeré.”

Lèmọ́ọ̀mù, tí ó ti ń tògbé, la ojú. “Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn ni? Ṣé kò sá ni?”

“Àlùfáà, kò sẹ́ni tó ní kò sá. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò yẹ kó tún máa sá níwájú àlejò.”

“Ẹ gbé ìyá náà sí ẹ̀yìn pátápátá,” ni ìyá ẹlẹ́rọ ata dá sí i.

“Ẹ̀yìn? Obìnrin tó máa ń ti inú oko pe àwọn ọmọ rẹ̀ wálé?” ni Alága dáhùn.

Wọ́n rò ó títí. Níkẹyìn, gbogbo ojú yí sí mi. Alága ní, “Ìwọ ni ọ̀mọ̀wé láàrin wa. Lọ bá a sọ ọ́, kó máa pè é ní Ọ̀gágun bí gbogbo ènìyàn.” Ó wù mí kí n sọ fún yín pé mo kọ̀. Mo lọ.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá Ìyàwó Kékeré, ó ń pa ẹ̀kùrọ́. Kò gbójú sókè nígbà tí mo kí i.

“Ta ló rán ẹ?” ni ó bi mí. “Ìwọ kì í wá sẹ́yìnkùlé lásán.”

“Ìgbìmọ̀ ni.”

“Kí ni ìgbìmọ̀ fẹ́ jẹ?”

“Wọn ò fẹ́ jẹ nǹkan kan. Wọ́n ní tí ọ̀gágun bá dé lọ́jọ́ náà, kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ kí i ní Ọ̀gágun.”

Ó gbé òkúta sókè, ó fọ́ ẹ̀kùrọ́ kan, ó ṣa ọmọ rẹ̀ sínú igbá, ó gbọn èèpo dànù.

“Ṣé ó ti wá ń tì í lójú, orúkọ tí mo sọ ọ́?”

“Kò tì í lójú. Òun kọ́. Nítorí àwọn àlejò ni.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Àlejò.” Ó tún fọ́ òmíràn. “Ṣé o mọ ohun tí orúkọ náà jẹ́? Nígbà ọ̀rọ̀ ààlà ọjọ́sí, inú bí mi sí i. Oko ọkọ mi wà níbẹ̀. Nígbà tó wálé, mi ò pè é. Mo kàn ní, ‘Ẹ káàbọ̀.’ Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Mo ní kó wọlé, kò wọlé. Ibẹ̀ ló ti padà lọ. Ìjà kan ṣoṣo tí mo bá a jà láyé mi nìyẹn, mi ò sì sùn dáadáa títí mo fi ní kí wọ́n bá mi pè é lórí fóònù, tí mo fi orúkọ náà pè é.”

Mo bá a ṣa ọmọ ẹ̀kùrọ́ kan tó fò bọ́ sílẹ̀.

“Gbogbo àwa ìyàwó ilé la jọ ń pè é bẹ́ẹ̀,” ni ó ń bá a lọ. “Wọ́n ti lọ tán. Ẹnu tèmi ló kù. Tí mo bá ti kú, ọ̀gágun ló máa kù fún un, ohun tí gbogbo ayé á sì máa pè é nìyẹn títí òun náà á fi kú. Mo sì fẹ́ pè é lójú gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n mọ̀ pé ọkọ mi ni kó tó di tiwọn.” Ó gbé òkúta sílẹ̀. “Àmọ́ mi ò ní dójú tì í níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kọ́ mi ní tiyín.”

“Ọ̀gágun,” ni mo wí.

“Ọ̀gágun,” ni ó wí, bí ẹni tí ń tọ́ àgbo wò.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. A na àtíbàbà sí pápá ilé ìwé, a to àga oníke síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ya bẹ́ǹṣì kan sọ́tọ̀ ní iwájú fún àwọn tó pọ̀n ọ̀gágun, kí ìjà lè tán. Ṣe ni wọ́n fún ara wọn pọ̀ lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá oníkẹ̀kẹ́, tó wà ní ìkangun, fi ìdí kan jókòó tí ó sì fi ìdí kejì bẹ Ọlọ́run. Agbádá Alága gba àga méjì. Baálẹ̀ abúlé kejì náà wá, pẹ̀lú ẹ̀bùn tí wọ́n bò sínú agbọ̀n ńlá kan, tí wọ́n gbé sẹ́yìn pẹ̀lú iṣu àti àwọn ìkòkò epo.

Ọ̀gágun dé nínú kàftáánì funfun, kò wọ àmì ẹ̀yẹ kankan. Àwọn ọmọ ogun ọ̀dọ́ méjì ló tẹ̀lé e. Lèmọ́ọ̀mù ṣàdúrà, pásítọ̀ náà ṣàdúrà. Mo ka ìwé oríyìn mi. Mo ṣàkíyèsí pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti le jù ni wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ jù. Ọ̀gágun gbọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù, àmọ́ ojú rẹ̀ ń wá nǹkan láàrin èrò. Mo mọ ẹni tí ó ń wá.

Alága pe agbo ilé wa láti wá kí i. Wọ́n mú Ìyàwó Kékeré wá síwájú, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti ìborùn tuntun. Bí ọ̀gágun ti rí i, ó dìde. Kò rìn lọ bá a. Ó dúró gbọnrangandan níbi tó wà, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Alága ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ìyá náà lẹ́nu.

“Ẹ káàbọ̀,” ni ó wí. Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gágun.”

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gágun kò kúrò lójú kan. Ó dà bí ẹni pé ó ń dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gágun,” ni ìyá náà tún wí, ó rọra wí i.

Ẹ̀rín náà kúrò. Mo ti rí ojú yẹn lẹ́ẹ̀kan rí, nídìí igi kaṣú, kí ó tó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó ṣí fìlà, ó rìn síwájú, ó sì na gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀ pápá ilé ìwé pẹ̀lú kàftáánì funfun náà. Àwọn ọmọ ogun méjèèjì wo ara wọn.

“Ìyàwó mi,” ni ó wí láti ilẹ̀, “kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Ọ̀gágun.”

“Ọ̀rọ̀ ààlà yẹn náà ni? Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi lórí ààlà?”

Baálẹ̀ abúlé kejì jókòó dáadáa.

“Ẹ dìde, ẹ̀wù yín ń dọ̀tí.”

“Mi ò dìde. Ẹ sọ ohun tí mo ṣe fún mi.”

Ìyàwó Kékeré wò mí. Èmi wo Alága. Alága wo ìwé ètò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá pùrótókọ́ọ̀lù sọ nǹkan kan nípa ọ̀gágun tó bá dọ̀bálẹ̀ tí kò dìde. Ìyá náà rí i pé kò sí ọkùnrin kankan nínú wa. Ó gbé ojú kúrò lára gbogbo wa, ó tẹ ara mọ́ ọ̀pá rẹ̀, ó sì fi ohùn tí ó fi ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ láti inú oko pe ọkọ rẹ̀.

“Asáfúntòlótòló! Ṣé ẹ ti dé?”

Ọ̀gágun gbórí sókè nílẹ̀ níbẹ̀.

“Mo ti dé, ìyàwó mi,” ni ó wí. “Ṣé ó wà nílé?”

“Ó ti jáde lọ. Ẹ wọlé.”

Ọ̀gágun dìde, ó gbọn eruku orúnkún, ó ń bọ̀ láti wá dì mọ́ ọn. Àfi bí agbọ̀n abúlé kejì ṣe mì lẹ́yìn. Orí pupa kan yọ jáde, ó wo àyíká, ó sì han. Tòlótòló ni, akọ, òmìrán. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀gágun wa, tó ti jagun nílé tó ti jagun lẹ́yìn odi, ti wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó di ẹ̀wù ọmọ náà mú lẹ́yìn.

Ẹ̀rín tó sọ ní pápá yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ ọ ní Alákìá nígboro Ìbàdàn. Lèmọ́ọ̀mù rẹ́rìn-ín títí làwàní rẹ̀ fi tú. “Mo ní ṣé kò sá ni?” ni ó ń wí. Ìkangun bẹ́ǹṣì náà gbé bàbá oníkẹ̀kẹ́ sọ nù. Àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń tìtorí wọn bẹ̀rù ni wọ́n rẹ́rìn-ín jù; ọ̀kan nínú wọn ń nu omijé, ó ń ní, “Ọ̀rẹ́ mi, o ò sọ fún wa!” Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Nígbà tó dìde láti fèsì, ó ti gbé Ìyàwó Kékeré sórí àga tirẹ̀, òun sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Àbúrò mi ti ka gbogbo ogun tí mo jà,” ni ó wí. “Kò kà á síbẹ̀ pé ẹ̀rù bà mí nínú gbogbo wọn. Tó bá ti bà mí, mo máa ń bi ara mi pé, ‘Ṣé ó wà nílé?’ Màá sì gbọ́ ohùn ìyàwó mi. Bí mo ṣe máa ń gbé ẹsẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará ilé mi.”

Ó tán síbẹ̀. Ìyàwó Kékeré kò wo èrò. Ó ń fi ìborùn tuntun rẹ̀ nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lápá kàftáánì ọkọ rẹ̀, ó ń kùn pé ta ni yóò fọ èyí.

Oúnjẹ kò tíì délẹ̀ tí wọ́n ti jẹ oyè tuntun. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ ẹ̀yìn mọ́. Mo gbọ́ tí ìyá ẹlẹ́rọ ata ń sọ fún àwọn àlejò pé òun gan-an ni òun máa ń fi ìgbálẹ̀ lé tòlótòló yẹn fún ọ̀gágun. Bàbá oníkẹ̀kẹ́ ní igi lòun fi ń lé e. Obìnrin abúlé kejì, tí ọ̀gágun jù lọ tó sì tètè lágbára, ní ẹyẹ náà ṣá òun lẹ́sẹ̀ nítorí rẹ̀, ó sì ń ká ìró sókè láti fi àpá hàn. Alága pàápàá, tí kì í ṣe ọmọ abúlé wa, rántí tòlótòló náà dáadáa.

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi, mo ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú fún ohun tí mo máa kọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun ọ̀dọ́ náà wá bá mi, èyí tí ọ̀gágun sá sí lẹ́yìn. Ó kí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìwé yẹn, ṣé ẹ̀yin náà mọ ọ̀gá wa ní kékeré?”

“Mo mọ̀ ọ́n kẹ̀,” ni mo wí. “Ta lo rò pé ó máa ń lé tòlótòló yẹn fún un?”

Ó fi ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí, ó kí mi bí ológun. Èmi náà gbé ọwọ́ tèmi sókè, mo fi dá a lóhùn.